Wọ́n tún bíréèkì ṣe tán, iná tún tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù

Ọjọ́ Sátidé ni bàbá kan l'Ágége gbé mọ́tò tókunbọ̀ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bíréèkì ń han, ẹsẹ̀ iwájú lápá ọ̀tún sì ń kùn. Wọ́n pààrọ̀ páàdì, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn inú bíréèkì jáde, wọ́n ki bíárìn tuntun bọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bàbá sanwó, ó gbéra. Kò tíì délé tí iná méjì fi tàn níwájú ẹ̀, ọ̀kan pupa, èkejì bí àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Ló bá ṣẹ́rí padà.

"Ọ̀gá mi, ẹ má dààmú," ni mẹkáníìkì wí. "Ṣebí bíréèkì ń mú? Ẹ jẹ́ n yọ gúlóòbù ẹ̀ dànù, kí ọkàn yín balẹ̀."

Ọ̀rọ̀ gúlóòbù yìí gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́. Mọ́tò tí wọ́n ti yọ iná ẹ̀, tàbí tí wọ́n fi téèpù dúdú bò ó lójú, wà nígboro. Àléébù náà ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó ń wa mọ́tò ni ò rí nǹkan kan mọ́.

Iná pupa roboto tó ní àmì ìyanu nínú ni ti bíréèkì fúnra ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, òun náà ló ń tàn béèyàn bá fa hándíbíréèkì. Nítorí náà, hándíbíréèkì ni kéèyàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bóyá kò sọ̀ tán ni. Bí kì í bá ṣe òun, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó wo ike ọ́ìlì bíréèkì. Ìlà MIN àti MAX wà lára ẹ̀. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ MIN, ó ń jò níbì kan ni, tàbí kó jẹ́ pé wọn ò bu òmíì sí i lẹ́yìn tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn jáde. Ìdérí ike náà ni wọ́n máa ń kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí, èyí tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni kí wọ́n rà. Ẹni tó bá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i fẹ́ pa ara ẹ̀ ni o, torí ńṣe ni rọ́bà inú ẹ̀ á wú, bíréèkì ò sì ní mú mọ́. Bí ọ́ìlì bá kún, ṣùgbọ́n tí pẹ́dà ń rì wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi okùn wọ́ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Iná kejì, tí wọ́n kọ ABS sí, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. ABS ni kì í jẹ́ kí táyà há béèyàn bá tẹ bíréèkì lójijì lójú ọ̀nà tí òjò ti rọ̀. Iléeṣẹ́ Bosch ti Jámánì ló ṣe é fún Mercedes-Benz lọ́dún 1978. Wáyà kan wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ mọ́tò tó ń ka bí táyà ṣe ń yí. Ẹni tó bá tú ẹsẹ̀ mọ́tò lè fà á já, ó sì lè gbàgbé láti ki ẹnu ẹ̀ bọ ibi tó yẹ. Bíárìn náà ní ẹjọ́ tiẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló ní mágínẹ́ẹ̀tì lára àwọn kan. Bí wọ́n bá fi ẹ̀yìn ẹ̀ síwájú, táyà á máa yí geere, kò ní kùn, àmọ́ wáyà ò ní rí nǹkan kà. Píìnì kékeré ni àwọn tó mọṣẹ́ fi ń dán an wò: ojú tó bá fa píìnì ló gbọ́dọ̀ kọjú sí wáyà.

Bó bá jẹ́ iná ABS nìkan ló tàn, bíréèkì ṣì ń mú bíi ti mọ́tò àtijọ́, kéèyàn rọra wà á lọ sọ́dọ̀ rewáyà. Bó bá jẹ́ méjèèjì ló jọ tàn, kò sóhun tí èèyàn ń wá lọ sójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn o. Kí rewáyà náà sì ní ẹ̀rọ tó ń ka ABS, torí àwọn olówó pọ́ọ́kú míì ò kà ju ẹ́ńjìnnì lọ. Kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C ni wọ́n ń wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tókunbọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì ta á. Iná méjèèjì gbọ́dọ̀ tàn. Ti ABS á kú láìpẹ́, ti pupa náà á kú bẹ́ ẹ bá sọ hándíbíréèkì sílẹ̀. Èyí tí ò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn.

Bàbá Agége ò gbà kí wọ́n yọ gúlóòbù. Ọ́ìlì tí wọ́n bù kún un ló pa iná pupa. Ti ABS ló le: ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ni ẹ̀rọ dárúkọ, ẹ̀yìn bíárìn ni wọ́n fi síwájú lóòótọ́. Èyí tí wọ́n fi agbára tẹ̀ wọlé bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá yọ ọ́, ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Wọ́n tún gba ọjà Ládípọ̀ lọ. Mẹkáníìkì ló sanwó bíárìn kejì, ó fajú ro, ṣùgbọ́n kò gbàgbé láti sọ fún bàbá pé kó fi nǹkan sílẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́.