Iṣan tàbí Ẹran? Lórí Orúkọ Àrùn Ọkàn Kan

Ẹni tí ó bá ń wá èdè-ìperí fún àrùn tí ń ba ara ọkàn fúnra rẹ̀ jẹ́, 'àrùn iṣan ọkàn' ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Èmi náà ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àṣìṣe ni. Iṣan ni a ń pe èyí tí a fi ń gbé ẹrù. Iṣan náà ni a ń pe ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, òǹkàwé lè rò pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọkàn ni ó dí. Àrùn mìíràn ni ìyẹn, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ohun tí mo dábàá ni 'àrùn ẹran-ọkàn'. Àwọn kan yóò ní ó ń rùn bí ìsọ̀ alápatà. Kò burú, ẹni tí ó ti rí ọkàn màlúù lórí àtẹ mọ̀ pé ẹran ni, kì í ṣe okùn. Bí yàrá ọkàn bá fẹ̀ tí agbára rẹ̀ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde sì dín kù, 'ẹran-ọkàn fífẹ̀' ni. Ọtí àmujù tàbí àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan lè fà á. 'Ẹran-ọkàn nínípọn' ni èyí tí a sábà ń jogún. Èyí tí kò lè dẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ni 'ẹran-ọkàn líle'.

Ti abiyamọ ni ó ká mi lára jù. Láti oṣù tí ó kẹ́yìn oyún títí di oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà Zaria ti ń kọ nípa rẹ̀. Àríwá Nàìjíríà sì wà lára ibi tí ó ti wọ́pọ̀ jù lọ láyé. Ẹsẹ̀ a wú, mímí a sì nira bí ó bá dùbúlẹ̀. Àwọn ará ilé a ní àárẹ̀ ìkúnlẹ̀ lásán ni. Oògùn tí ń fa omi jáde àti èyí tí ń dín iṣẹ́ ọkàn kù wà, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú oògùn wọ̀nyí lè pa ọmọ inú lára. Ìwé ìlera kò gbọdọ̀ da aboyún àti ẹni tí ó ti bí pọ̀.

Bí a bá kọ 'àrùn ọkàn' lásán fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ìrònú ni ìyá ọkọ rẹ̀ yóò máa bá a wí fún. Ẹni tí ó bá ní orúkọ tí ó dára ju tèmi lọ, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́.