Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Kì í Pa Arọ: Ọ̀rọ̀ Ìmúrasílẹ̀ àti Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Ní ọdọọdún, nígbà tí orúkọ àwọn tó rí àyè wọ yunifásítì bá jáde, ohùn méjì ni à ń gbọ́ ní agbo ilé àwọn Mùsùlùmí. Ohùn kìn-ín-ní ni ti ìyá tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ òun yege. Ohùn kejì, èyí tí kì í pẹ́ tẹ̀ lé e, ni ti bàbá tó ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, tó ń wá ẹni tí yóò yá òun lówó, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ ti dá ọjọ́ tí owó ìgbàwọlé gbọ́dọ̀ pé. Ọmọ tó lo ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tó yege WAEC, tó sì yege JAMB, lè pàdánù àyè rẹ̀ nítorí owó tí kò pé ní ọjọ́ tí a dá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn a ní kádàrá ni. Ṣùgbọ́n ṣé kádàrá ni lóòótọ́, tàbí àìmúrasílẹ̀?

Gbogbo ẹni tó jókòó ní ilé-kéwú ló mọ ìtàn ọkùnrin tó bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) bóyá kí òun so ràkúnmí òun mọ́lẹ̀ ni, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́run. Èsì tó gbà ni pé kí ó kọ́kọ́ so ó, kí ó tó gbára lé Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò yàtọ̀ sí èyí. Àdúà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n okùn wà tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ àti òbí rẹ̀ dì mú.

Okùn àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ tí ọmọ yàn. Kì í ṣe ọdún tí a ń ṣe ìdánwò àṣekágbá ni a ń yan iṣẹ́. Láti SS1 ni. Ọmọ tó bá sá fún Kẹ́mísírì ní SS1 nítorí pé ó le ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ìṣègùn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ apoògùn mọ́ ara rẹ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì, Bàólọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni JAMB ń béèrè fún wọn. Ẹni tó fẹ́ di onímọ̀ ẹ̀rọ kò lè fi Ìṣirò sílẹ̀. Gbogbo èyí ló wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà tí JAMB ń gbé jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í ṣí i títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí. Ìdánwò JAMB fúnra rẹ̀ kò fi ara pamọ́. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni, máàkì 400. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 sì ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì péré ni a sì fi ń dáhùn wọn. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìbéèrè kan kò ní tó ìṣẹ́jú kan. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà láti ọdún 2015. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, tó wá ń wá ibi tí lẹ́tà wà lọ́jọ́ ìdánwò, ti fi ìṣẹ́jú tó yẹ kó fi ronú ṣòfò. Bí ọmọ kò bá sì rí àyè lọ́dún náà, máàkì rẹ̀ kò wúlò fún ọdún tó tẹ̀ lé e. Yóò tún ìdánwò ṣe, yóò sì tún owó san.

Àwọn ohun kéékèèké tún wà tó ń ṣe jàǹbá ńlá. Láti ọdún 2021, ẹni tí kò ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN kò lè forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà fóònù kan kò ṣe é lò fún ọmọ méjì. Bí orúkọ tó wà nínú NIN bá jẹ́ Rasheed, tí ti WAEC sì jẹ́ Rasidi, wàhálà ti dé. Àwọn Mùsùlùmí ló sábà máa ń ní ìṣòro yìí, nítorí pé ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin ni a ń gbà kọ orúkọ kan náà. Kí òbí yan ọ̀nà kan láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní JSS1, kí ó má sì yí i padà mọ́.

Okùn kejì ni òdodo. Ọ̀rọ̀ yìí korò, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àwọn òbí kan wà tí wọ́n ń kìrun wákàtí márààrún, tí wọ́n ń gbààwẹ̀, tí wọ́n sì ń san owó fún ibùdó tí a ti ń kọ ìdáhùn sí ojú pátákó fún ọmọ wọn lọ́jọ́ WAEC. Wọ́n ní àwọn ń ran ọmọ lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ wo ló wà nínú olè jíjà? WAEC a máa di èsì ẹni tí wọ́n bá fura sí mú, owó àti ọdún á sì ṣègbé. Ẹni tí wọn kò mú ńkọ́? Yóò dé yunifásítì, kò ní sí ẹni tí yóò kọ ìdáhùn sí pátákó fún un níbẹ̀. Owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rú náà ì bá ti san owó olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ náà ní Ìṣirò fún oṣù mélòó kan.

Okùn kẹta ni owó. Lóòótọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ìforúkọsílẹ̀, ti ibùsùn, ti yàrá àyẹ̀wò, ti ìwé àti ti oúnjẹ kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀. Kí ọmọ tó dé ibẹ̀ pàápàá, owó ti ń jáde. Ní ọdún 2025, naira 7,200 ni fọ́ọ̀mù JAMB fún ẹni tí kò ṣe ìdánwò ìdánrawò, naira 8,700 sì ni fún ẹni tó ṣe é. Owó WAEC àti NECO tún wà, àti owó àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń ṣe lẹ́yìn JAMB.

Kí a wá wo ibi tí owó ń gbà lọ. Ẹni tí kò ní owó ìgbàwọlé ọmọ ni ó ra aṣọ ẹbí fún wọ́límọ̀ ọmọ kan náà, tó pa màlúù, tó gba olórin. Wọ́límọ̀ dára, ó ń mú ọmọ fẹ́ràn Àlùkùránì. Ṣùgbọ́n inú ọjọ́ kan ni ẹran tán, ẹ̀kọ́ a sì máa bá ọmọ dé ibojì. Àwọn àgbà ti wí i pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí òbí bá ń dá naira 5,000 lóṣooṣù láti ọjọ́ tí ọmọ ti wọ JSS1, oṣù 72 ni yóò fi dá a kí ọmọ tó jáde ní SS3. Naira 360,000 ni ìyẹn. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ju 2,000 lọ yóò ní 144,000. Kì í ṣe owó tí yóò parí ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣí ilẹ̀kùn. Àmọ́ kí wọ́n má ṣe tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ẹní, nítorí gbogbo ènìyàn ló rí bí naira ṣe wó lulẹ̀ láti ọdún 2023. Kí wọ́n fi í sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń fi owó ṣòwò láìsí èlé, tàbí kí wọ́n fi í ra àgùntàn tí yóò máa bímọ.

Ní ti ẹ̀yáwó ìjọba, òfin rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, wọ́n tún un ṣe ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NELFUND sì ṣí ìforúkọsílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sá fún un, wọ́n ní èlé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀: kò ní èlé kankan. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba naira 20,000 lóṣooṣù fún ìgbọ́bùkátà. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnlú àgùnbánirọ̀ ni ìsanpadà ń bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni agbanisíṣẹ́ yóò sì máa yọ. Àwọn tó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni ó wà fún. Yunifásítì aládàáni kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, owó àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò fi wọlé kò lè dúró de ẹ̀yáwó yìí.

Síbẹ̀, gbèsè ni gbèsè ń jẹ́. Ẹsẹ tó gùn jù nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrà Baqarah, orí àkọsílẹ̀ gbèsè ni ó dá lé. Kí ọ̀dọ́ ka àdéhùn náà kí ó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ó sì ní in lọ́kàn láti san án. Ẹni tó gbà á pẹ̀lú èrò pé owó ìjọba kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni ti jẹ́ olè kí ó tó di akẹ́kọ̀ọ́.

Bí yunifásítì kò bá sì ṣeé ṣe lọ́dún yìí, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 2025, máàkì 150 ni JAMB fi ṣe òdiwọ̀n fún yunifásítì, ṣùgbọ́n 100 ni fún ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ẹni tó gba NCE lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lè máa kọ́ ọmọ kí ó sì máa tu owó jọ, kí ó tó gba Direct Entry wọ yunifásítì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà nínú kí ọmọ jókòó sílé fún ọdún mẹ́rin, tó ń retí ìṣègùn tí kò kàwé fún.

Mọ́sálásí náà ní ẹrù tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, àwọn àgbà náà kò dúró kí olówó kan yọjú. Owó tí wọ́n dá jọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ Mùsùlùmí. Mọ́sálásí tó lè dá owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun lè dá owó ìgbàwọlé ọmọ mẹ́ta lọ́dún, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí wọ́n má sì yọ ọmọbìnrin sílẹ̀ pé ilé ọkọ ló ń lọ. Ìyá tó mọ̀wé ni ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún ọmọ tí yóò bí.

Ogun tí a ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ JAMB kò ní í yẹ̀, owó kò sì ní í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Kí ọmọ SS1 mú ìwé, kí òbí bẹ̀rẹ̀ àjọ lóṣù yìí, kí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí sì pè ìpàdé. Lẹ́yìn náà ni kí gbogbo wọn gbé ọwọ́ sókè sí Ọlọ́run Ọba tó kọ́ ènìyàn ní ohun tí kò mọ̀. Kí Ó jẹ́ kí ìmọ̀ ṣe àwọn ọmọ wa láǹfààní. Àmín.