Ta Ni Yóò Bá Wa Rìn? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Alábàárìn Tuntun Nínú Eré Orí Kọ̀ǹpútà

Ní ọjọ́ kan tí iná mànàmáná kò ṣẹ́jú ní Ìjàn-Èkìtì láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nídìí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Ìsinmi ni ó wá lò nílé. Mo rò pé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gbájú mọ́, àfi ìgbà tí mo sún mọ́ ọn tí mo rí ọmọbìnrin oníwo kan, tí ara rẹ̀ pọ́n bí epo, lójú kọ̀ǹpútà náà. Ọmọkùnrin náà fọwọ́ lérán. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Kò lè yé yín, Bọ̀ọ̀dá. Ó ń kú lọ ni, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i.” Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn náà ni mo jókòó tì í fún nǹkan bí wákàtí méjì, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu mi.

Karlach ni orúkọ ọmọbìnrin oníwo náà. Ọ̀kan ni nínú àwọn alábàárìn inú Baldur's Gate 3, eré tí ilé-iṣẹ́ Larian, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Ghent ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m, gbé jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Nínú irú eré báyìí, ẹni tí ń ṣeré a máa di akọni kan nínú ayé àlọ́, a sì máa kó àwọn ẹ̀dá-ìtàn mìíràn jọ tí wọn yóò bá a rìn, tí wọn yóò bá a jà, tí wọn yóò sì bá a pàgọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ní ti Karlach, wọ́n ti yọ ọkàn rẹ̀ ní ọ̀run àpáàdì, wọ́n sì fi ẹ̀rọ oníná rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ló ń jó o láti inú wá.

Ìrètí pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn alábàárìn wọ̀nyí. Nígbà tí Larian kọ́kọ́ ta apá àkọ́kọ́ eré náà fún aráyé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, alábàárìn márùn-ún péré ni ènìyàn lè kó jọ, Karlach kò sì sí lára wọn. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni àwọn olólùfẹ́ eré náà fi ń sọ pé lágbájá yóò dara pọ̀, tàmẹ̀dò kò ní dara pọ̀. Nígbà tí ó jáde tán, òun ni ó gba ẹ̀bùn eré tó dára jù lọ nínú ọdún 2023 níbi The Game Awards, Neil Newbon tí ó yá ọ̀kan nínú àwọn alábàárìn náà ní ohùn sì gba ẹ̀bùn tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Larian tún kéde eré tuntun tí wọ́n pè ní Divinity. Kíá ni ìbéèrè àtijọ́ tún jí: ta ni yóò bá wa rìn lọ́tẹ̀ yìí?

Èmi náà wà lára àwọn tí ń retí. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kejì tí ó kan àwa ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Títí di ìgbà wo ni a ó máa retí kí àjèjì fún wa ní alábàárìn, nígbà tí tiwa wà nílé tí a kò pè é jáde?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ohun tí ó sọ ẹ̀dá-ìtàn di alábàárìn wò. Kì í ṣe idà, kì í sì í ṣe oògùn. Nínú Baldur's Gate 3, mẹ́ta péré ni akọni lè mú rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, àṣàyàn ni ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí a ṣà yìí ní orí tiwọn. Bí o bá rẹ́ aláìlera jẹ, ẹlòmíràn nínú wọn a fajú ro. Bí o bá ń ṣe é lemọ́lemọ́, ó lè fi ọ́ sílẹ̀. Méjì nínú wọn, Lae'zel àti Shadowheart, kórìíra ara wọn dé ibi tí ọ̀bẹ ti ń wọ ọ̀rọ̀. Astarion ti fi igba ọdún ṣe ẹrú ọ̀gá kan tí ń mu ẹ̀jẹ̀; ó wá kù sọ́wọ́ ẹni tí ń ṣeré bóyá òun yóò ràn án lọ́wọ́ láti bọ́ nínú ìwà ìkà tàbí òun yóò tì í wọ inú rẹ̀. Ìwà ni gbogbo rẹ̀ dá lé lórí. Ohun tí àwọn bàbá wa sì fi pe ìwà ní ẹwà nìyẹn.

Ta ló wá fẹ́ sọ pé nǹkan yìí ṣàjèjì sí wa? Ní ọdún 1938, D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Nínú ìrìn àjò kìíní àti ìkejì, òun nìkan ni Àkàrà-Ògún kó ìbọn rẹ̀ jáde nílé lọ sínú igbó. Nígbà tí ọba wá fẹ́ rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó láti lọ mú ohun tí yóò tú ìlú ṣe wá, ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí ẹnìkan lè dá ṣe. Ó kó ẹgbẹ́ jọ: Kákò oníkùmọ̀, Ìmọ̀dóyè ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-Iyọ̀ tí ohùn rẹ̀ ń fa ọkàn ènìyàn àti ẹranko, Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-Ọdẹ tí ó gbọ́ èdè ẹranko àti ẹyẹ, tafàtafà Èfòìyè, àti Àràmàǹdà-Ọkùnrin. Pẹ̀lú Àkàrà-Ògún fúnra rẹ̀, wọ́n jẹ́ méje.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra. Ibi tí agbára Kákò parí sí ni ọgbọ́n Ìmọ̀dóyè ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìjà kò lè ṣe é, orin Olóhùn-Iyọ̀ a ṣe é. Fágúnwà kò sì fi àbùkù wọn pamọ́. Kákò gan-an, nígbà tí obìnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kò ní lọ láìmú òun dání, àdá ni ó fi dá a lóhùn. Títí di òní, bí mo bá ka ibẹ̀, inú mi kì í dùn sí Kákò, síbẹ̀ n kò lè gbàgbé rẹ̀. Irú ẹ̀dá-ìtàn tí àwọn olóye nínú iṣẹ́ eré orí kọ̀ǹpútà ń wá kiri nìyẹn: ẹni tí a nílò rẹ̀ lójú ogun, ṣùgbọ́n tí a kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí á dárí jì í.

N kò sọ pé ẹnikẹ́ni jí i lọ́wọ́ wa. Kò sí ilẹ̀ tí kò ní ìtàn àwọn akọni tí wọ́n jọ rìn. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwa kò gbé tiwa tẹ̀síwájú tó. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Wálé Ògúnyẹmí fi ìrìn àjò náà ṣe eré orí ìtàgé tí ó pè ní Langbodo, èyí tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ níbi FESTAC ní ọdún 1977. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún ó dín díẹ̀ tí Fágúnwà ti wọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí ó ti gun orí ìtàgé. Orí kọ̀ǹpútà ńkọ́?

Ohun tó wà nínú ewu nínú ọ̀rọ̀ yìí ju eré lọ. Èdè tí ó ju mẹ́wàá lọ ni ènìyàn fi lè ka ọ̀rọ̀ inú Baldur's Gate 3: Faransé, Jámánì, èdè Póláńdì, ti Tọ́kì, ti Yukiréènì, ti Ṣáínà àti àwọn mìíràn. Kò sí èdè ilẹ̀ Áfíríkà kankan níbẹ̀. N kò bú Larian, nítorí ibi tí ọjà bá wà ni oníṣòwò ń gbé igbá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ọmọ tí ó ń lo ọgọ́rùn-ún wákàtí pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ inú ìtàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rẹ́ náà fi ń tù ú nínú. Òun náà ni ó fi ń dá a lápàárá, tí ó fi ń jẹ́wọ́ ìfẹ́, tí ó fi ń tọrọ àforíjì. Tí ó bá wá gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà, Yorùbá tí ó ń gbọ́ ni “Dìde níbẹ̀!” àti “Ṣé o ti fọ abọ́?” Bí ọ̀kan bá di èdè ọ̀rẹ́ tí èkejì sì di èdè ìbáwí, ẹ má bi mí léèrè èyí tí ọmọ náà yóò fi bá ọmọ tirẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́la.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò ní, “Eré lásán ni, kí wọ́n kàwé wọn.” Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ kan ń fi eré pa ìwé tì, n kò sì ní gbè wọ́n. Àmọ́ ṣé àlọ́ tí a ń pa lábẹ́ òṣùpá, kì í ṣe eré ni? Níbẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n inú bíi ti Ìjàpá a máa dá wàhálà sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Níbẹ̀ ni a sì ti kọ́ bí a ṣe ń gbe orin tí a sì ń dáhùn. Agbo àlọ́ ti tú ká ní ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn ọmọ kò dẹ́kun àti gbọ́ ìtàn. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

Àwọn kan yóò sì ní wọ́n ti ń fi wá sínú eré. Lóòótọ́, ní ọdún 2019, wọ́n fi Yemọja kún àwọn òrìṣà inú eré kan tí wọ́n ń pè ní Smite. Inú mi dùn nígbà náà. Àmọ́ pápá ìjà ni eré yẹn. Ẹni tí ó bá mú Yemọja, ìjà ni ó mú un jà. Kò bá a pàgọ́, kò mọ ohun tí ń dùn ún, kò gbọ́ ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀ àti ohun ìjà rẹ̀ nìkan kò tíì di alábàárìn wa.

Ẹ̀rí wà pé ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ká iṣẹ́ yìí. Ní ìlú Yaoundé ní Kamẹrúùnù, Olivier Madiba àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kiro'o Games gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde ní ọdún 2016. Ìtàn Enzo ni, ọmọ ọba tí wọ́n gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni alábàárìn rẹ̀? Erine, ìyàwó rẹ̀ ni. Tọkọtaya ni wọ́n jọ jáde lọ wá agbára àwọn baba ńlá wọn. Èrò tí ó ti inú ilé wá nìyẹn, tí kì í ṣe pé wọ́n lọ yá a ní òkèèrè.

Àwa ará Èkìtì ńkọ́? Kí ni Èkìtì Parapọ̀ bí kò ṣe ẹgbẹ́ àwọn alábàárìn? Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí, ẹni tí ìbínú rẹ̀ sí ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn dá ogun sílẹ̀, àti Ògèdèǹgbé Agbógungbórò ti Ìlẹ́ṣà, ẹni tí Fábùnmi gbé ipò olórí ogun sílẹ̀ fún. Ìlú tí kì í gbọ́ ti ara wọn tẹ́lẹ̀ wá jọ pàgọ́ lórí òkè kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà ogun Kírìjì. Gbogbo ohun tí eré dáadáa ń béèrè ló wà níbẹ̀: ìgbéraga àti ìjà abẹ́lé, ọ̀rọ̀ ẹrú àti òmìnira, àti olórí tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun bọ́ sẹ́yìn.

Èrò tèmi rèé. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun ńlá tí owó rẹ̀ kò sí. Ojú ọ̀nà Adó sí Ìjàn ni Federal Polytechnic àti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá wà. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì wà nínú Adó. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń kọ́ èdè Yorùbá kò jìnnà síra wọn. Kí wọ́n jọ ṣe eré kékeré kan fún orí fóònù, tí ó ní alábàárìn méjì péré, ṣùgbọ́n tí wọ́n ní ìwà. Kí ọ̀kan nínú wọn máa pe ilé ní “ulé” kí ó sì máa pe iṣu ní “uṣu” bí a ti ń pè é nílé wa. Bí wọ́n bá sì pàgọ́ lálẹ́, kí a má ṣe fi búrẹ́dì gbígbẹ tan ọmọ Èkìtì jẹ. Iyán ni kí wọ́n gún.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lo àwọn ẹ̀dá-ìtàn Fágúnwà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè. Oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni òǹkọ̀wé náà kú, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà sì dáàbò bo ìwé fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ kú. Ìyẹn ni pé ìwé náà yóò wà lábẹ́ ààbò títí ọdún 2033 yóò fi parí. Kì í ṣe ìdènà ni mo kà á sí. Ìdí ni kí a dá ẹ̀dá-ìtàn tiwa sílẹ̀ báyìí, bí òun náà ti dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí ó ń kọ́ Ekiti Knowledge Zone náà gbọ́dọ̀ fi àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá sínú ètò rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ nìkan kò lè pa àlọ́.

Kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó padà sí ilé-ẹ̀kọ́, mo fún un ní ẹ̀dà Ògbójú Ọdẹ mi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fóònù mi lálẹ́. Kò tilẹ̀ kí mi tán tí ó fi ní, “Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí Kákò fi ṣe irú nǹkan yẹn sí obìnrin náà?” Ìbínú wà lóhùn rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló já a kulẹ̀. Yorùbá ni ó fi bínú.