Ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé: Ṣíbí wo ni ẹ fi ń wọn iyọ̀?

Ìyá ọlọ́mọ kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan láti Yeoville, níbí ní Johannesburg. Ọmọ rẹ̀ olóṣù mọ́kànlá ti ń ṣu gbuuru láti àárọ̀. Ìyá rẹ̀ sọ fún un láti Ìbàdàn, lórí WhatsApp, pé kó po iyọ̀ ṣíbí kan àti ṣúgà ṣíbí mẹ́wàá mọ́ omi ìgò bíà kan. Ìwé ìlera ọmọ tí wọ́n fún un ní kílíníìkì níbí sì sọ pé ìdajì ṣíbí iyọ̀ àti ṣíbí ṣúgà mẹ́jọ, nínú omi lítà kan. Ó ní: "Dókítà, èwo ni kí n ṣe?"

Mo ní kó ṣe ti ìwé náà. Ìdí rèé.

Ìgò bíà ńlá ní Nàìjíríà jẹ́ 60 sẹ̀ǹtílítà, kò tó lítà kan. Ọ̀pọ̀ ṣíbí ìmutíì tí àwọn ìyá wa ń lò nílé kì í sì í gbà tó mílílítà 5. Ṣùgbọ́n ṣíbí ìwọ̀n tí wọ́n ń tà níbí gba mílílítà 5 géérégé, iyọ̀ tó bá kún un tó sì tẹ́jú sì wúwo tó gíráàmù 6. Bí ẹ bá da ìyẹn sínú ìgò 60 sẹ̀ǹtílítà, ó dọ́gba pẹ̀lú gíráàmù 10 nínú lítà kan. Ohun tí ìlànà ibí ń fẹ́ kò ju bíi gíráàmù 3 lọ. A ò tíì sọ ti ṣíbí tó kún bí òkìtì o!

Ṣíbí kan náà yẹn, bíi gíráàmù 4 péré ni ṣúgà tó ń gbà. Nítorí náà, ẹ má fojú díwọ̀n gíráàmù.

Bí iyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀, a ó bu omi sí i. Nínú ara ọmọ tí omi rẹ̀ ti dín kù, iyọ̀ àpọ̀jù lè fa omi kúrò nínú ọpọlọ, kó sì fa gìrì. Ṣúgà àpọ̀jù máa ń fa omi sínú ìfun, ìgbẹ́ á tún le sí i. Àmọ́ bí méjèèjì bá wà ní ìwọ̀n, wọ́n á jọ gba inú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Bí ẹ ó ṣe pò ó nìyí:

1. Ẹ se omi, kó tutù. Ẹ wọn lítà kan, ìyẹn ife mílílítà 250 mẹ́rin.
2. Ẹ bu ṣúgà ṣíbí mílílítà 5 mẹ́jọ. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú.
3. Ẹ bu iyọ̀ mílílítà 2.5, ìdajì ṣíbí náà. Ọ̀pọ̀ ṣíbí ike tó ń bá oògùn olómi wá ló ní mílílítà 5 lápá kan àti 2.5 lápá kejì.
4. Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bí ó bá pé wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lè mu mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá bì, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dá ọmú tàbí oúnjẹ dúró. Bí ẹ bá rí ORS inú pákẹ́ẹ̀tì, òun ló dára jù. Ẹ ka iye omi tí wọ́n kọ sí i lára.

Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí kò lè mu, tó ń bi gbogbo nǹkan, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ tàbí tí ara rẹ̀ rọ jọwọrọ, ẹ gbé e lọ sí kílíníìkì kíákíá. Láti 1994 ni ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà ti jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ yìí.

Àwọn ìyá wa nílé kò ṣì wá lọ́nà. Ṣíbí àti ìgò ló yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi "ṣíbí kan" ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́ láìsọ mílílítà tó ń gbà àti iye omi tí wọn yóò pò ó mọ́.