“Mo Rò Pé Tèmi Ni”: Ibi Tí Òfin Gbà Á Dé àti Ibi Tó Ti Kọ̀ Ọ́

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ra ilẹ̀, tó háyà sọ́ọ̀bù, tàbí tó ń ra ọjà àlòkù níbi tí kì í ṣe ìlú baba rẹ̀. Ní Upper Sakponba tí àwa ń gbé yìí, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ikpoba-Okha ní Benin City, bí ìjà ilẹ̀ tàbí ìjà ọjà bá ti bẹ́ sílẹ̀, gbólóhùn méjì ni ẹ máa gbọ́. Ẹnìkan á ní, “Olè ni!” Èkejì á ní, “Mo rò pé tèmi ni.”

Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, bí èèyàn bá wọ ibi tí kì í ṣe tiẹ̀, tàbí tó mú ohun tí kì í ṣe tiẹ̀, àmọ́ tó dá a lójú pé tòun ni, ṣé ọ̀daràn ni? Ìdáhùn wa ni pé òfin ṣàánú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n àánú náà ní ààlà, ìdí ààlà yẹn gan-an sì ni ẹsẹ̀ àwa àlejò ti máa ń yọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi olè jíjà bẹ̀rẹ̀. Inú Criminal Code tí ìjọba òyìnbó gbé kalẹ̀ ní 1916 ni òfin ọ̀daràn àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ti tún tiwọn kọ, bí Èkó ṣe ṣe ní 2011. Nínú òfin yìí, mímú nǹkan nìkan kò sọ èèyàn di olè. Èrò ìrẹ́jẹ gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn rẹ̀. Abala 22 sọ pé àìmọ òfin kì í ṣe àwíjàre. Ṣùgbọ́n abala 23 sọ pé bí èèyàn bá ṣe ohun kan sí dúkìá torí ó gbà tọkàntọkàn pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí i, tí kò sì ní ìrẹ́jẹ lọ́kàn, kò jẹ̀bi ọ̀ràn lórí dúkìá yẹn. Ká ní o kó kúrò ní sọ́ọ̀bù, o gbé fíríìjì kan lọ torí o rò pé ara ẹrù rẹ ni, ó wá hàn pé ti ẹni tó háyà ibẹ̀ ṣáájú rẹ ni. Wàá dá a padà, àmọ́ olè kọ́ lo jà.

Ọ̀ràn irú èyí ti dé kóòtù ńlá lókè òkun. Ní London, David Smith háyà ilé, ó so wáyà mọ́ ẹ̀rọ orin rẹ̀, ó sì fi pákó bò ó. Nígbà tó fẹ́ kó jáde, ó fọ́ pákó wọ̀nyẹn kó lè yọ wáyà rẹ̀. Kò mọ̀ pé lójú òfin, ohun tó kàn mọ́ ilé ti di ti onílé. Wọ́n dá a lẹ́bi pé ó ba dúkìá jẹ́, ṣùgbọ́n ní 1974 kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà, torí ó gbà pé tòun ni òun ń fọ́. Kóòtù wa kò ní láti tẹ̀ lé tiwọn, àmọ́ ọgbọ́n abala 23 ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́náǹtì tó ń yọ fáànù àti táǹkì nígbà tẹ́ ẹ bá ń kó jáde, ẹ mọ ohun tí à ń sọ.

Èyí tó sún mọ́ àwa oníṣòwò jù ni ti Joseph Morissette ní Amẹ́ríkà. Ó ń ta èso nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń kó àjákù irin nígbà òtútù. Ní December 1948, ó wọ ilẹ̀ kan ní Michigan tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú ti ń fi bọ́ǹbù dánra wò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí èèyàn má wọlé. Ó kó páànù bọ́ǹbù tó ti dípẹtà, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta, ó tà á ní dọ́là 84. Ó ní òun rò pé wọ́n ti jù ú nù ni. Adájọ́ àkọ́kọ́ kò gbà kí ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́ yẹ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ wò. Ní 1952, Kóòtù Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà yí ìdájọ́ náà padà pé a kò lè pe èèyàn ní olè láìwo èrò ọkàn rẹ̀. Ẹ sì wo ohun tó gbè é: ojú ọ̀sán gangan ló kó irin náà, kò fi pamọ́, nígbà tí wọ́n bi í, kò parọ́.

Ṣé ẹ rí i? Kóòtù kò lè la àyà wò. Ìwà èèyàn ló fi ń mọ ohun tó gbà gbọ́. Ẹni tó fi òru kó ẹrù, tó ra fóònù ní ìdá kan nínú mẹ́rin iye tó tó, tí kò béèrè páálí rẹ̀ tàbí rìsíìtì, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé òun kò fura? Abala 427 fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 14 lélẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹrù tí wọ́n fi ọ̀ràn ńlá kó, nígbà tó jẹ́ pé ọdún mẹ́ta ni ti olè jíjà lásán ní abala 390. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé ìdí ààlà tí a wí. Ọ̀rọ̀ wíwọ ilẹ̀ ni. Abala 81 ní ẹni tó bá wọ ilẹ̀ tí ẹlòmíì ń gbé ní àlàáfíà, lọ́nà tó lè dá ìjà sílẹ̀, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Abala náà sì fi kún un pé kò já mọ́ nǹkan kan bóyá ẹni yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ibẹ̀ tàbí kò lẹ́tọ̀ọ́. Bí ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an kò bá lè fi “tèmi ni” gba ara rẹ̀ sílẹ̀, báwo ni ẹni tó kàn rò pé tòun ni ṣe fẹ́ fi gbà á?

Níbí ni ọ̀rọ̀ kan Edo. A mọ bí ilẹ̀ títà lẹ́ẹ̀mejì ṣe rí níbí. A sì mọ owó “deve” tí àwọn CDA ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé. Ní 2017, Ọba Ewuare Kejì tú àwọn CDA ká, ní ọdún kan náà ìjọba Godwin Obaseki ṣe òfin tó ń dáàbò bo dúkìá aládàáni, tó sì ka fífi ipá gba ilẹ̀ léèwọ̀. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá dé ilẹ̀ yín láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá ìpìlẹ̀ ẹlòmíì lórí rẹ̀, ẹ má kó ọmọ lọ wó o. Ẹ ya fọ́tò, ẹ pe lọ́yà, ẹ gba kóòtù lọ. Ẹ̀tọ́ yín kò sọnù, torí abala 43 nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà lágbára láti ní ilẹ̀ níbikíbi ní Nàìjíríà.

Ẹ tún rántí pé bí kóòtù bá ní ẹ kì í ṣe ọ̀daràn, ìyẹn kò sọ ilẹ̀ di tiyín. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba lórí ilẹ̀ Warri ní 1976, Kóòtù Tó Ga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìdílé, ìwé, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, gbígbé orí rẹ̀ pẹ́, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. “Mo rò pé” kò sí lára márùn-ún náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Òkè Ọya, Penal Code ni tiyín. Òun dárúkọ wíwọ ilẹ̀ onílẹ̀ ní ọ̀ràn lábala 342, bí ẹni tó wọlé bá fẹ́ dáràn, tàbí tó fẹ́ dẹ́rù ba ẹni tó wà níbẹ̀, tó fẹ́ bú u tàbí mú un bínú. Àṣìṣe tí èèyàn ṣe tinútinú lè gbà á, àmọ́ òfin yẹn kò ka ohun tí èèyàn gbà láìfarabalẹ̀ wádìí sí òtítọ́ inú.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ má jà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe òfin ló ń kọ́kọ́ dé ibi ìjà. Èrò ló ń kọ́kọ́ dé. Ní ọjọ́ 27 oṣù March 2025, ní Uromi ní Edo yìí, èrò dá àwọn ọdẹ tó ń ti Port Harcourt bọ̀ lọ sí Kano dúró, wọ́n rí ìbọn ìbílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbà pé ajínigbé ni wọ́n, wọ́n sì pa èèyàn 16. Abala 25 ní àṣìṣe lè gba èèyàn sílẹ̀ bó bá jẹ́ tinútinú tó sì bá ọgbọ́n mu. Ṣùgbọ́n kò tiẹ̀ sí ohun tí wọ́n ì bá gbà gbọ́ tó máa fún wọn láṣẹ láti pa ẹni tí wọ́n ti mú. Àwa àlejò ni ariwo “olè” máa ń kọ́kọ́ bà, torí kò sẹ́ni tó mọ ilé baba wa níbẹ̀ tó máa jẹ́rìí wa.

Nítorí náà, ẹ kó ẹ̀rí ìgbàgbọ́ yín jọ kí ìjà tó dé. Bẹ́ ẹ bá ń ra ilẹ̀, ẹ bi àwọn tó bá a pààlà, ẹ yẹ ìwé rẹ̀ wò ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ àgídímẹ́ǹtì. Bẹ́ ẹ bá ń ra ọjà àlòkù, ẹ kọ orúkọ àti fóònù ẹni tó tà á, ẹ gba rìsíìtì, ẹ ra á lójú ọ̀sán. Bí ọlọ́pàá bá pè yín lórí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti gbèsè tàbí àdéhùn lásán, òfin ọlọ́pàá 2020 kò gbà kí wọ́n mú yín torí rẹ̀. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ má buwọ́ lu ohun tí ẹ kò kà yé. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí Legal Aid Council.

A sì ń bẹ àwọn olórí ẹgbẹ́ wa ní ìpínlẹ̀ gbogbo: ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ní ìwé kan tí a ó ti máa kọ ilẹ̀ àti sọ́ọ̀bù tí ọmọ ẹgbẹ́ rà, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì. Àlejò lójú, kò fi ríran, ni wọ́n máa ń wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbẹ̀ lójú tó lè ríran fún un kó tó sanwó.