Ẹ Wo Ẹni Tó Gbé Àga Kan Ṣoṣo Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì,

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mi ò sì lè fi sínú mọ́. Bí obìnrin bá gba ìgbéga láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti mọ ohun tó fi gbà á. Bí obìnrin méjì bá ń du ipò kan, ẹ ó ní obìnrin ni ọ̀tá obìnrin. Ọkùnrin méjì du ipò kan náà, ẹ ní akínkanjú ni wọ́n!

Ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ ní báǹkì kan l'Ékòó ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín ìgbéga. Mo rí ọkùnrin tó ń ba ẹnìkejì rẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn, mo sì rí obìnrin tó ń ṣe é. Ìlara ò mọ akọ, kò mọ abo. Iye àga tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún wọn ló yàtọ̀.

Ọ̀pọ̀ yín ò mọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà ju inú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá lọ, bí ìkà àti òǹrorò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ipò rẹ̀ ná. Láàárín àwọn ìjòyè ńlá Ìbàdàn ayé ọjọ́un, tí ọkùnrin kún bámúbámú, Ìyálóde, oyè tí Ẹfúnṣetán jẹ, ni obìnrin tó ń bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ìlú. Ní 1874, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tí òun dé. Wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n fi Ìyáọlà jẹ ní ipò rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti pa Ẹfúnṣetán. Ta ló máa ní Ìyáọlà ló dá ìjà yẹn sílẹ̀? Síbẹ̀, bó bá jẹ́ ní ọ́fíìsì yín ni, ìjà obìnrin méjì ni ẹ ó pè é.

Ní ti iye àga náà, ní 2012, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní kí àwọn báǹkì rí i pé, nígbà tó bá fi máa di 2014, obìnrin yóò jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀gá àgbà, àti ìdá 30 nínú àwọn olùdarí. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni òfin lè ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ jọ wà nínú ilé lẹ mọ ohun tí ẹ ń fojú ara yín rí.

Ẹ̀yin ọmọkùnrin mi, ìsinmi ìbímọ ni ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀sẹ̀ 12 ni Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún un: 6 ṣáájú ìbí, 6 lẹ́yìn rẹ̀, ìdajì owó oṣù sì ni ó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ san. Obìnrin á wá padà dé, ara rẹ̀ ò tíì le, ọmú ń kún un láyà nínú ìpàdé. Á ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀, á rí i pé àwọn oníbàárà tó ti ń tọ́jú bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti wà lórúkọ yín. Olè ni mo pe ìyẹn. Ẹ dá wọn padà fún un.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin mi tí ẹ ti dókè, ẹ má sọ pé ìyà tó jẹ yín ló gbọ́dọ̀ jẹ ẹni tó ń bọ̀. Bí ọ̀gá bá gbé tágẹ́ẹ̀tì tí apá ò ká lé ọmọdébìnrin lórí, tó ní "mọ bí o ṣe máa rí i," ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí ẹ mọ ohun tó ń sọ.

Nígbà tí orúkọ àwọn tó gba ìgbéga bá tún jáde, tí ẹnìkan sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òfófó nípa obìnrin tó wà níbẹ̀, ẹ bi í: oníbàárà mélòó ló mú wá, gbèsè èwo ló gbà padà? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó panu mọ́.

Ìyá yín ni,
Ìbàdàn.