Ẹni Tó Mọ Iṣẹ́ Tó Dákẹ́

A kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ láàárín wa ń sọ, láti Kennington títí dé Peckham, pé: “Nígbà tí èmi dé, ta ló kọ́ mi?”

Láti oṣù kẹrin ọdún 2015 ni ìwé-ẹ̀rí Care Certificate ti wà fún àwọn olùtọ́jú arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dára. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè sọ fún ẹni tuntun pé ìrora ló mú bàbá yìí kọ oúnjẹ, kì í ṣe ìbínú, tàbí pé màmá yẹn kì í fẹ́ kí a kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òsì òun. Ẹnu ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ la ti ń gbọ́ irú èyí. (Àwọn ọ̀gá kan a sì máa pe irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìmẹ́lẹ́!)

Ní Ìbàdàn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ń jókòó sí, tí yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀ títí ọ̀gá yóò fi yọ̀ǹda rẹ̀. Níhìn-ín, ẹni tuntun ń bẹ̀rù àtibéèrè kí a má baà pè é ní òpè. Bó bá wá fi àìmọ̀ ṣe arúgbó léṣe, a ó ní kò kàwé. Ẹ̀yin tí ẹ dúró ní apá kejì ibùsùn náà ńkọ́?